Àpótí Ìmọ̀: Ọgbà Àjàrà Etí Odò Douro

Ní orílẹ̀-èdè Pọ́túgàl, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ láti ìlú Porto máa ń dúró ní Pinhão, kí wọ́n lè lọ wo oko àjàrà. Ọdún 1756 ni ìjọba ti pààlà sí agbègbè Douro yìí fún wáìnì. Ní 2001, UNESCO ka apá kan rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé.

Ilẹ̀: Òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Àwọn àgbẹ̀ gé e bí àtẹ̀gùn, wọ́n sì fi ògiri òkúta gbé e ró. Iṣẹ́ takuntakun tó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún ni. Gbòǹgbò àjàrà máa ń gba àárín òkúta wọlẹ̀ lọ wá omi.

Ìkórè: Ọwọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi já èso ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án. Láwọn oko kan, ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń tẹ̀ ẹ́ nínú ọpọ́n òkúta ńlá.

Pípọn: Láti pọn wáìnì Porto, kí ṣúgà inú omi àjàrà yìí tó di ọtí tán, wọ́n á da ọtí líle sí i. Ọtí líle yìí ló ń pa ìwúkàrà tó ń sọ ṣúgà di ọtí, tí adùn fi ń ṣẹ́ kù. Ìdí nìyí tí wáìnì Porto fi dùn, tó sì tún le.

Ìtọ́wò: Kọ́kọ́ wo àwọ̀ rẹ̀. Rọra yí ife, kí o gbọ́ òórùn rẹ̀. Fi díẹ̀ sẹ́nu, kó kárí ahọ́n. Èyí tó bá pẹ́ nínú àgbá onígi, pupa rẹ̀ á ti ṣá. Kò sí àbùkù nínú títu wáìnì tí o tọ́ wò sínú àwo tí wọ́n gbé kalẹ̀. Bí àwọn atọ́wò tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn.