Ọ̀tún Ta Ni? Èdè Àwọn Tó Ń Pààrọ̀ Iwájú Ọkọ̀ sí ti Jàpáànù ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ìfáárà

Bí a bá ti dé orí ọ̀rọ̀ àyálò nínú kíláàsì ẹ̀dá-èdè, àpẹẹrẹ tí àwa olùkọ́ máa ń fà yọ kì í yàtọ̀: sítóòfù, búrẹ́dì, tábìlì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́ wọn láti ilé-ẹ̀kọ́ girama. Wọn a kọ wọ́n sílẹ̀, wọn a fi wọ́n yege ìdánwò, ó parí. Ohun tí iṣẹ́ yìí gbìyànjú láti ṣe ni láti mú olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ jáde lọ sí ibi tí èdè Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ òòjọ́, ìyẹn ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá, kí a fetí sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ kan ṣoṣo: pípààrọ̀ iwájú ọkọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà ilẹ̀ Jàpáànù. Mo mú iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí nítorí pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, àti nítorí pé àṣìgbọ́ ọ̀rọ̀ níbẹ̀ lè di ewu lójú títì lóru.

Ibi tí iwájú ọkọ̀ ti ń wá

Àpápá ni ẹnu ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń gbà wọ Nàìjíríà. Yàtọ̀ sí èbúté Àpápá fúnra rẹ̀, èbúté Tin Can Island tí wọ́n ṣí ní 1977 kò jìnnà síbẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni aládùúgbò wọn, orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ odindi gbólóhùn: ajé gúnlẹ̀. Lára ohun tó ń gúnlẹ̀ nínú kọ̀ǹténà lónìí ni iwájú ọkọ̀ tí wọ́n gé láti ibi gíláàsì wá, tòun ti iná, bọ́nẹ́ẹ̀tì, bọ́ńpà, rédíétọ̀ àti wáyà. “Nose cut” ni àwọn oníṣòwò ń pè é. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ sí ọjà Ládìípọ̀ ní Mushin, ibẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ti ń lọ rà á padà wá sí Ajégúnlẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń gé e? Ní Jàpáànù, ọkọ̀ aládàáni gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò ìjọba nígbà tí ó bá pé ọdún 3, lẹ́yìn náà ní ọdún méjì méjì. Bí ọkọ̀ bá ti ń dàgbà, owó àyẹ̀wò àti àtúnṣe rẹ̀ a máa pa olówó lára, ọ̀pọ̀ a sì jọ̀wọ́ ọkọ̀ tí ó ṣì le koko. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni wọ́n ń rìn ní Jàpáànù, ọ̀tún ni dírẹ́bà wọn ń jókòó sí. Àwa náà ti rìn bẹ́ẹ̀ rí, lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti lẹ́yìn òmìnira, títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 tí Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ghana ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1974. Nítorí náà odindi ọkọ̀ Jàpáànù kò bá ọ̀nà wa mu. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ni wọ́n ń tà fún wa.

Orúkọ kan, ọkọ̀ méjì. Ọkọ̀ kan, orúkọ méjì

Ẹni tó bá ń wá àpẹẹrẹ fún ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ kò ní láti rìn jìnnà. Ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ sí Lexus RX 300 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Jàpáànù ní 1997 ní orúkọ Toyota Harrier, nítorí pé wọn kò tíì máa ta Lexus ní orúkọ yẹn ní Jàpáànù títí di 2005. Acura TSX tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láàárín 2004 sí 2008, Honda Accord ni orúkọ rẹ̀ ní Jàpáànù. Ẹni tí ó ní TSX ní Àpápá, tí ó sì fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ máa jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, iwájú Accord Jàpáànù ni yóò rà, yóò sì wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n Accord tí gbogbo Èkó mọ̀ sí “End of Discussion”, tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2007, ti Amẹ́ríkà ni. Ara rẹ̀ tóbi ju Accord ti Jàpáànù lọ. Ẹni tó bá lọ sọ́jà pé òun ń wá iwájú Accord Jàpáànù fún End of Discussion yóò ru ẹrù tí kò ní wọ ọkọ̀ rẹ̀ délé, nítorí pé Inspire ni orúkọ tí Honda fi ta ọkọ̀ náà ní Jàpáànù. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó sọkún ní tòótọ́ nítorí èyí. Kò mọ̀ pé orúkọ lásán ni òun rà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wọn yá, ọ̀rọ̀-ìṣe wọn kò yá

Ìlànà ìró tí a ń kọ́ ní kíláàsì hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ yìí. Èdè Yorùbá kì í gba kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ léra, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wí pé gílóòbù, girílì, fíúsì. Ẹ wo fáwẹ̀lì tí wọ́n fi kún un: lẹ́yìn b nínú gílóòbù, ù ni, lẹ́yìn s nínú fíúsì, ì ni. Ìró tí a ń fi ètè pè a máa fa u mọ́ra, èyí tó kù a máa gba i, gẹ́gẹ́ bí búrẹ́dì ṣe gba méjèèjì nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Sípíríǹgì ni kò gbọ́ràn: p wà níbẹ̀, síbẹ̀ i ni ó tẹ̀ lé e, bóyá nítorí i tó wà níwájú. Kí olùkọ́ má fi irú èyí pa mọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Nínú bọ́ńpà àti fẹ́ńdà, n àránmúpè dá dúró gẹ́gẹ́ bí sílébù, ó sì gba ohùn tirẹ̀. P inú bọ́ńpà kì í ṣe p Gẹ̀ẹ́sì mọ́, ó ti di àfàséfètèpè tiwa.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọn kò kúrò nílé. Wọ́n ń tú bóòtì, wọ́n ń dè é. Wọ́n ń gé irin, wọ́n ń jó o pọ̀. Wọ́n ń so wáyà, wọ́n ń fọ́n ọ̀dà. Ọ̀gá kan pàṣẹ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ báyìí: “Tú bọ́ńpà yẹn kúrò, gbé e sọ̀ kalẹ̀, mú ti Jàpáànù wá, fi síbẹ̀, má tíì dè é.” Nínú gbólóhùn kan yìí, ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀ wà níbẹ̀ ní yanturu, ti ẹlẹ́là sì ń bọ̀ nígbà tí ọmọ náà bá ṣe é kánjúkánjú: “O ti ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́!” Nǹkan mìíràn tún ni pé Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe ìlú Yorùbá nìkan. Ìjọ́, Ùròbò àti Ìgbò jọ ń gbé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni kì í ṣe Yorùbá, àmọ́ mo gbọ́ tí wọ́n ń lo “tú u” àti “dè é” láàárín gbólóhùn Pijin. Àwa tí a ń sọ pé èdè wa ń kú ì bá dára kí a lọ jókòó níbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Èdè-Ìperí Yorùbá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, fún wa ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Orí wa ni iṣẹ́ náà dá lé, kì í ṣe orí ọkọ̀. Ti ọkọ̀ wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò bá wa kó o jọ bí kì í bá ṣe àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Ọ̀tún ta ni?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí. Nínú ọgbà kan ní Ajégúnlẹ̀, ọ̀gá rán ọmọ iṣẹ́ kan pé kí ó lọ ra iná iwájú “ti ọ̀dọ̀ dírẹ́bà”. Ọmọ náà lọ, ó rà á dé, kò wọ̀ ọ́. Ọ̀gá gbé ohùn sókè:

“Ọ̀dọ̀ dírẹ́bà ni mo wí!”

“Ọ̀dọ̀ dírẹ́bà náà ni, sà. Níbi tí wọ́n ti gé e wá, ibẹ̀ ni dírẹ́bà wọn ń jókòó sí.”

Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọmọ náà kò jẹ̀bi. “Ọ̀dọ̀ dírẹ́bà” kò ní ibì kan pàtó. Ní Nàìjíríà, òsì ọkọ̀ ni. Ní Jàpáànù, ọ̀tún ni. Bẹ́ẹ̀ ni bí a bá ní “ọ̀tún” lásán, ẹni tó dúró níwájú ọkọ̀ tí ó dojú kọ ọ́ lè máa rò pé ọ̀tún tòun ni a ń wí, nígbà tí òsì ọkọ̀ ló ń nà sí.

Àṣà wa ti yanjú irú ọ̀ràn yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní Ìbàdàn, Ọ̀tún Olúbàdàn àti Òsì Olúbàdàn ń bẹ. Ọwọ́ ta ni wọ́n fi ń ka oyè yìí? Ọwọ́ Olúbàdàn ni. Àlejò tó wólẹ̀ níwájú ọba, tí ó rí Ọ̀tún ní ìhà òsì tirẹ̀, kò jẹ́ yí oyè olóyè padà. Bí a bá fi ọkọ̀ sí ipò ọba, tí a gbà pé ọ̀tún ọkọ̀ ni ọ̀tún ẹni tó jókòó nínú rẹ̀ tó sì kọjú síwájú, ọ̀tún kò ní yẹ̀ mọ́, yálà Jàpáànù ni ọkọ̀ ti wá tàbí Amẹ́ríkà. Mo dábàá pé kí a máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti wí pé “iná ọ̀tún ọkọ̀” àti “iná òsì ọkọ̀”, kí “ọ̀dọ̀ dírẹ́bà” sì máa jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu láàárín àwọn tó jọ wà nídìí ọkọ̀ kan náà.

Iná tó ń wọ ojú ẹlòmíràn

Èmi náà ti jìyà àìmọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Mo ra ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti pààrọ̀ iwájú rẹ̀ sí ti Jàpáànù. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òru tí mo bá wà lójú pópó, àwọn onítírélà a máa ṣẹ́ iná sí mi, àwọn mìíràn a máa ṣépè. Mo rò pé ìwà jàgídíjàgan lásán ni, títí di ìgbà tí oníná ọkọ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní riwáyà ní Èkó, ní kí n gbé ọkọ̀ kọjú sí ògiri.

Iná ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kì í tàn bákan náà lọ́tùn-ún àti lósì. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ó rẹlẹ̀ ní ìhà tí ọkọ̀ mìíràn ti ń bọ̀, kí ó má baà wọ onítọ̀hún lójú, kí ó sì gòkè díẹ̀ ní ìhà etí ọ̀nà, kí ẹlẹ́sẹ̀ lè hàn. Ní Jàpáànù tí wọ́n ń rìn lọ́wọ́ òsì, ìhà òsì ni iná ti ń gòkè. Bí a bá gbé irú iná bẹ́ẹ̀ wá sí ojú ọ̀nà Nàìjíríà, òsì yẹn gan-an ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ wà, ọ̀tún tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn sì ṣókùnkùn. Síkúrúù ìdarí tó wà lẹ́yìn iná lè gbé gbogbo rẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Kò lè mú òsì di ọ̀tún, nítorí inú iná náà ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Pípààrọ̀ iná méjèèjì sí irú tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà ọwọ́ ọ̀tún ni ojútùú. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, mo sì fi bọ́nẹ́ẹ̀tì àti bọ́ńpà Jàpáànù sílẹ̀.

Nǹkan méjì mìíràn tí olùkọ́ tí yóò kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó lọ: ohun tí a fi bóòtì dè ni kí a máa pààrọ̀, kí a má ṣe gba kí wọ́n gé ṣáásì ọkọ̀ nítorí ẹwà, àti pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, tí ó ń jẹ́ kí àpò afẹ́fẹ́ tú síta, wà níwájú. Ẹni tó bá gé wáyà rẹ̀ dànù ti bọ́ ààbò kúrò lára èrò.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ ní kíláàsì

Kí olùkọ́ to àga mẹ́rin bí ti ọkọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó sípò dírẹ́bà, kí mìíràn dúró níwájú kí ó kọjú sí i. Kí àwọn méjèèjì nàka sí “ọ̀tún” lẹ́ẹ̀kan náà. Ariyanjiyan tó máa bẹ́ sílẹ̀ ni ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí olùkọ́ tó dá Olúbàdàn àti àwọn olóyè rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mẹkáníìkì kan, kí ọkọ̀ kan kọjú sí ògiri lórí ilẹ̀ títẹ́jú ní nǹkan bíi mítà 5 nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbólóhùn márùn-ún tí yóò fi ṣàpèjúwe ìrísí iná náà láìlo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan.

Ibi tí àwọn tèmi ti há ni ohun tí wọn yóò máa pe apá iná tó ga ju ìyókù lọ. Ẹnì kan ní “èjìká iná”, ẹlòmíràn ní “ìfun iná”, èyí tí a kọ̀. Mo fẹ́ràn èjìká. A bi riwáyà náà léèrè, ó wò wá, ó ní, “Ibi tí iná ti gòkè ni, tíṣà.” Tirẹ̀ ni a kọ sílẹ̀.