Abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ: ìkarahun òfìfo ni, kì í ṣe kòkòrò àrùn

Àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ wà lára ìwọ̀nba jẹjẹrẹ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn mọ ohun tó ń fà á dájú. Fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní HPV ni, ìbálòpọ̀ ló sì sábà máa ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Oríṣi rẹ̀ lé ní 200, ṣùgbọ́n méjì péré, ìyẹn oríṣi 16 àti 18, ló wà nídìí nǹkan bíi 70 nínú 100 jẹjẹrẹ náà. Harald zur Hausen, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ṣàwárí wọn ní ọdún 1983 àti 1984. Ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi 12,000 obìnrin ni àrùn yìí mú lọ́dún 2020, tí 8,000 sì kú.

Mímọ ọ̀tá yàtọ̀ sí bíborí rẹ̀. Láyé àtijọ́, ńṣe ni wọ́n máa ń sin kòkòrò àrùn nínú yàrá ìwádìí, tí wọ́n á pa á tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di aláìlágbára, kí wọ́n tó fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. HPV kọ̀, kò ṣeé sìn. Bó tilẹ̀ ṣeé sìn, ta ni yóò gbà kí wọ́n gún ọmọ tí ara rẹ̀ dá ní ohun tó ní jíìnì tó lè fa jẹjẹrẹ nínú?

Ní 1989, olùwádìí ará Ṣáínà kan, Jian Zhou, ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Lionel Crawford ní Cambridge, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú àwọn olùwádìí bẹ́ẹ̀ ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ní yàrá ìwádìí tiwọn. Ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù ń gbà kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ọ̀gá ni ayé sábà máa ń mọ̀. Ibẹ̀ ni òun àti Ian Frazer, tó wá láti Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà, ti pàdé. Lọ́dún 1990, Zhou àti ìyàwó rẹ̀, Xiao-Yi Sun, tóun náà jẹ́ olùwádìí, kó lọ bá Frazer ní ìlú Brisbane. Wọn kò wá bí wọn yóò ṣe sin odindi fáírọ́ọ̀sì náà mọ́, ara òde rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wá. Wọ́n fi jíìnì tó ń ṣe púrótéènì ara òde yìí sínú sẹ́ẹ̀lì mìíràn, nígbà tó sì di 1991, wọ́n rí i pé àwọn púrótéènì náà fúnra wọn so kọ́ra, wọ́n di bọ́ọ̀lù tíńtìntín tó jọ fáírọ́ọ̀sì, tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, bí ìkarahun tí ìgbín ti jáde kúrò nínú rẹ̀.

Ìkarahun náà kò pọ̀ tó, kò sì rí bó ṣe yẹ. Ìdí rẹ̀ yani lẹ́nu. Ní Bethesda, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Reinhard Kirnbauer, ọ̀dọ́ olùwádìí láti ìlú Vienna, ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Douglas Lowy àti John Schiller. Ní 1992, wọ́n fi hàn pé púrótéènì L1 ti fáírọ́ọ̀sì màlúù ń di ìkarahun láìsí wàhálà, ó sì ń mú kí ara ẹranko pèsè èròjà tó ń gbógun ti àrùn. Kí ló wá dé tí ti HPV 16 kò ṣe bẹ́ẹ̀? Inú kókó jẹjẹrẹ ni wọ́n ti mú jíìnì tí gbogbo ayé ń lò. Fáírọ́ọ̀sì tó ti di jẹjẹrẹ kò nílò ara òde mọ́, ibì kan ṣoṣo nínú L1 rẹ̀ sì ti yí padà. Nígbà tí wọ́n lo èyí tí wọ́n mú láti ara ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ, ìkarahun pọ̀ yanturu. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1993.

Zhou kú ní 1999, lẹ́ni ọdún 42. Oṣù kẹfà ọdún 2006 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, Gardasil, tí wọ́n ń fi ìwúkàrà ṣe ìkarahun rẹ̀.

Èyí ló yẹ kí òbí fi sọ́kàn. Kò sí jíìnì fáírọ́ọ̀sì nínú abẹ́rẹ́ yìí, nítorí náà kò lè bí sí i nínú ara, kò sì lè fa àrùn. Àhesọ pé ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Jẹjẹrẹ gan-an ló ń gba ilé ọmọ lọ́wọ́ obìnrin, torí yíyọ ilé ọmọ wà lára ìtọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà kì í wo ẹni tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ ara rẹ̀ sàn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fún àwọn ọmọbìnrin kí wọ́n tó mọ ọkùnrin.

Ìwádìí kan ní Kẹ́ńyà, tí wọ́n gbé jáde ní 2022, fi hàn láàárín 2,275 ọ̀dọ́bìnrin pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó láti dáàbò bo ara lọ́wọ́ oríṣi 16 àti 18. Lọ́dún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fara mọ́ gígún un lẹ́ẹ̀kan. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e ní 2024. Àwọn ìyá tí ọjọ́ orí wọn ti kọjá èyí ṣì lè lọ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ ní ilé ìwòsàn. Ó máa ń fi ìyípadà sẹ́ẹ̀lì hàn ní ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di jẹjẹrẹ, nígbà tí ó ṣì rọrùn láti tọ́jú.