Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Ṣe Kájúà, Ọ̀rọ̀ Yín Ni Mo Fẹ́ Sọ

Ẹ̀yin ọmọ Bẹyẹrúnká, ẹ̀yin ọmọ Ọjà'ba, mo máa ń rí yín ní ìdájí tí ẹ bá ń wá mọ́tò lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Olúyọ̀lé n'Ìbàdàn níbí. Kájúà, iṣẹ́ ìgbà díẹ̀, ni ọ̀pọ̀ yín ń ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà yín, wọ́n gbé ìwé kan síwájú yín pé ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti lé ara rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́. N kò bá yín wí, ebi kì í jẹ́ kéèyàn ka ìwé dópin.

Ìwé yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Abala 9 nínú Labour Act sọ pé àdéhùn iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ pọn ọ́n ní dandan fún òṣìṣẹ́ pé kó wọ ẹgbẹ́ tàbí kó má wọ̀ ọ́. Trade Unions Act tún ṣe ju ìyẹn lọ: bí ẹ bá ti wà nínú ẹgbẹ́ tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀gá yín gbọ́dọ̀ gbà pé ẹgbẹ́ ni, kó sì bá a sọ̀rọ̀. Kò sí pé ẹ ń dìbò kí ó tó gbà. Nílùú Ọba tí gbogbo yín fẹ́ já pa lọ, bí ọ̀gá bá kọ̀, òṣìṣẹ́ ní láti fi hàn pé àwọn tó fẹ́ ẹgbẹ́ pọ̀ ju àwọn tí kò fẹ́ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ Amazon ní Coventry dìbò lọ́dún 2024, ìdá 49.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló fẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n sì pàdánù.

Kí ló wá fà á tí ọ̀gá tiwa fi ń ṣe bó ṣe wù ú? Ẹ wo owó ìtanràn tí òfin kọ sílẹ̀ fún ọ̀gá tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti gbà pé ẹgbẹ́ ni: ₦1,000. Ẹgbẹ̀rún kan náírà! Ẹ mú un lọ sí Bẹẹrẹ lónìí, ẹ wò ó bóyá ẹ ó yó àmàlà pẹ̀lú ẹran. Àwọn míì gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ kọ́ńtáráátọ̀ ni wọ́n ti ń gbà yín, kí wọ́n lè sọ pé ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn rárá.

Òfin láìsí ẹni tó ń tì í lẹ́yìn ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Òfin tí àwọn òyìnbó ṣe lọ́dún 1938 gbà kí ènìyàn márùn-ún péré dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ipá mú ọ̀gá kankan láti bá wọn jókòó. Michael Imoudu, aṣáájú òṣìṣẹ́ rélùwéè, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló fi ìyanṣẹ́lódì mú ìjọba jókòó lọ́dún 1945. Ṣáájú òyìnbó pàápàá, àwọn alágbẹ̀dẹ àti aláró ní ẹgbẹ́ tiwọn, wọ́n ń ṣe ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́tàdínlógún, láìsí ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí ìjọba bá fún ẹgbẹ́, ìjọba lè gbà á. Lọ́dún 2019, ìjọba Ọ̀yọ́ ní kí ẹgbẹ́ onímọ́tò NURTW dáwọ́ dúró. Èmi tí mò ń gbé àárín ìgboro kò ní í purọ́ fún yín: inú ọ̀pọ̀ wa dùn, nítorí ìjà gáréèjì ti sú wa. Ẹgbẹ́ tí àwọn aládùúgbò ń sá fún kò lè rí ẹni bẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí Babangida, olórí ìjọba ológun, fòfin de ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, lọ́dún 1988, àwọn olùkọ́ náà kò tú ká. Ó dá ẹgbẹ́ náà padà lọ́dún 1990, ó tún fòfin dè é lọ́dún 1992, lọ́dún yẹn náà ni ìjọba sì bá àwọn olùkọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Èyí ló yẹ kí ẹ kọ́: ẹ mọ orúkọ ara yín, ẹ máa san owó ẹgbẹ́, ẹ sì máa bi akápò léèrè ohun tó fi í ṣe. Alága tí kò fẹ́ ìbéèrè, ẹ yọ ọ́.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n àbá òfin tuntun lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, Collective Labour Relations Bill, ti ń ṣeré l'Ábújá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tún gbé e jáde, ẹ má fi í sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá ẹgbẹ́ nìkan. Ẹ lọ bá aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹ sọ fún un pé kí wọ́n fi kájúà àti ọmọ kọ́ńtáráátọ̀ sínú òfin náà, kí wọ́n sì kọ́kọ́ pa ₦1,000 yẹn rẹ́.