Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Bí Etí bá ń Hó

Etí tó ń hó ni ẹ̀kọ́ òní. Ẹni tó ń ṣe máa ń gbọ́ ariwo tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó lè dún bí ìrẹ̀, ó lè súfèé, ó lè máa kùn bí oyin. Lóru, nígbà tí gbogbo ilé bá dákẹ́, ló máa ń pọ̀ jù.

Àwọn kan á ní ẹnìkan ló ń sọ̀rọ̀ àwọn lẹ́yìn. Àwọn mìíràn á ní ọ̀tá ló ń pe àwọn, wọn á sì máa náwó kiri. Ẹ fara balẹ̀. Inú etí àti ọpọlọ ni ariwo náà ti ń wá, ó sì ní ohun tó ń fà á.

Bí ìró bá wọ etí, á lu awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó dà bí awọ ìlù. Lẹ́yìn awọ yìí, nínú lọ́hùn-ún, ohun kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín. Omi wà nínú rẹ̀. Àwọn ohun wẹ́wẹ́ onírun tí ojú lásán kò lè rí sì wà níbẹ̀, bí 15,000 nínú etí kan. Bí ìró bá mì wọ́n, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Irun orí tí a fá á tún hù. Ti inú etí kì í hù mọ́ bó bá ti kú. Ọpọlọ tí kò gbọ́ nǹkan láti ibẹ̀ mọ́ á wá túbọ̀ máa tẹ́tí. Ẹ rántí rédíò tí kò mú ilé iṣẹ́ kankan: bí ẹ bá yí i sókè, ṣáááá lẹ ó máa gbọ́.

Kí ló ń pa àwọn irun náà? Ariwo ló ṣáájú. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata láti àárọ̀ dalẹ́, alágbẹ̀dẹ, ẹni tó ń la pákó, ọdẹ tó ń yìnbọn, gbogbo wọn ló wà nínú ewu. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí etí yín bá ń hó nígbà tí ẹ ti òde àríyá dé, tó sì dákẹ́ lọ́jọ́ kejì, ìkìlọ̀ ni. Mi ò ní kí ẹ má lọ òde o! Ẹ ṣáà má jókòó sẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ariwo, kó wá ìdérí etí, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú ń dé. Òwú lásán kò tó.

Oògùn náà wà níbẹ̀. Àwọn àgbà tó lo kuníìnì fún ibà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ti kuníìnì sábà máa ń lọ bí oògùn náà bá tán lára, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti asipirín tí ènìyàn lò lálòjù. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ gentamicin àti streptomycin lè ba etí jẹ́ títí ayé. Nítorí náà, ẹ má gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kàn ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá jẹ́ pé dókítà ló fún yín, tí etí sì bẹ̀rẹ̀ sí hó, ẹ padà lọ sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín.

Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí tó dì sínú etí ni. Èyí rọrùn, nọ́ọ̀sì lè fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́. Igi ìṣáná àti ìyẹ́ adìẹ ń tì í wọlé sí i ni, wọ́n sì lè lu awọ etí. Ẹ má da kẹrosíìnì tàbí epo gbígbóná sí i rárá. Etí tí ọyún ń jáde nínú rẹ̀, orí tó fara pa, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ọjọ́ ogbó náà lè fà á. Bí ariwo náà bá ń lù kìkìkì bí ọkàn ṣe ń lù, ẹ lọ rí dókítà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò pẹ̀lú.

Èyí tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la nìyí: bí etí kan bá ṣàdédé di, tí kò gbọ́ràn mọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bó bá pẹ́, oògùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn mọ́. Bó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló ń hó, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lọ náà.

Mi ò ní tàn yín, ti ẹlòmíràn kì í lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n ara máa ń mọ́ ọn. Rédíò tí ẹ yí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn máa ń jẹ́ kí oorun wá.

Ènìyàn máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ níwájú dókítà. Ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí, ẹ kọ tiyín sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, báyìí:

Etí òsì ni. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó ń dún bí ìrẹ̀. Òòyì kò kọ́ mi. Mo ti ń lọ ata fún ọdún 9. Oògùn tí mo lò lóṣù yìí: asipirín.