Ẹ Ka Ọjà Yín Kí Ẹlòmíràn Tó Kà Á

Bí ẹnì kan bá fi káàdì gba ₦5,000 lọ́dọ̀ oní-POS nígboro Kabba, ẹ̀rọ náà ti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni náà tó ka owó rẹ̀ tán: iye owó, wákàtí, báńkì tí owó ti wá, àti ẹ̀rọ tó san án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ fóònù mọ ìgbà tí a ra káàdì ìpè àti àdúgbò tí a ti pè. Tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá di ọ̀kẹ́ àìmọye lójoojúmọ́, òun ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní Big Data. Owó ńlá wà nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí oníṣòwò ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kabba dé Bunu, Ìjùmú àti Yàgbà, jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ wo ilé-iṣẹ́ Moniepoint. Tosin Eniolorunda àti Felix Ike ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2015, TeamApt lorúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ó ń yá oníṣòwò lówó nípa wíwo bí owó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde lórí ẹ̀rọ POS onítọ̀hún. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn olùdókòwò, tí Google wà lára wọn, kó 110 mílíọ̀nù dọ́là lé e lọ́wọ́. Ní Kenya, láti ọdún 2012 ni ètò ìyáwó M-Shwari ti ń fi ìtàn ìlò owó orí fóònù pinnu ẹni tí wọn yóò yá lówó. Àwọn ilé ìtajà Walmart ní Amẹ́ríkà náà ṣe ohun kan lọ́dún 2004: wọ́n wo ohun tí àwọn ènìyàn rà kí ìjì Charley tó jà, wọ́n rí i pé ìpápánu kan tó ń jẹ́ Pop-Tarts tà ní nǹkan bí ìlọ́po méje. Kí ìjì Frances tó dé, ọkọ̀ ti kó o lọ sí Florida.

Ohun kan wà tí gbogbo ẹ̀rọ yẹn kò rí, ibẹ̀ gan-an sì ni agbára yín wà. Báńkì rí owó tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Kò rí ọjà àwìn. Kò rí iṣu tó jẹrà lẹ́yìn ìsọ̀. Kò rí obìnrin tó wá béèrè ìrẹsì ìbílẹ̀, tí kò rí i, tó yí padà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí ìyẹn, tí ẹ kò bá sì kọ ọ́, kò sí kọ̀ǹpútà kankan láyé tí yóò bá yín rántí rẹ̀.

Nítorí náà, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ronú kan fóònù. Lójoojúmọ́, ẹ kọ déètì, ọjà, iye tí ẹ rà á, iye tí ẹ tà á, àti bóyá owó ọwọ́ ni, tiransífà ni, tàbí àwìn. Ẹ wá fi ojú ewé kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìwé náà fún ohun tí wọ́n béèrè tí ẹ kò ní. Ojú ewé yìí ni mo kà sí jù nínú gbogbo rẹ̀. Tí ènìyàn mẹ́jọ bá béèrè ohun kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ti mọ ohun tí ó yẹ kí ẹ lọ rà wá láti Lokoja, ẹ kò sì ní fi owó dán ọjà tí ẹnikẹ́ni kò wá wò.

Òṣùwọ̀n ló máa ń ba irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́. Múdù tó kún gègèrè kì í ṣe múdù tí a fi ọwọ́ nù, kẹ́ẹ̀gì kan sì lè tóbi ju èkejì lọ. Ẹ yan òṣùwọ̀n kan fún ọjà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má yí i padà títí ọdún yóò fi parí. Ní ti kajú, tí ìpínlẹ̀ Kogi wà lára àwọn tó ń mú un jáde jù ní Nàìjíríà, kìlógíráàmù ni kí ẹ fi máa kọ ọ́.

Ká ní ẹ ra kẹ́ẹ̀gì epo pupa mẹ́wàá ní ₦40,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí owó ọkọ̀ àti ti alábàárù jẹ́ ₦15,000. Owó tó jáde lọ́wọ́ yín di ₦415,000. Ẹ ta mẹ́fà ní ₦45,000, ọjà wá rọ̀, ẹ ta mẹ́rin tó kù ní ₦42,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦438,000. Ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ á máa sọ pé òun jèrè ₦5,000 lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, èrè gidi ibẹ̀ kò sì ju ₦23,000 lọ. Bí méjì nínú mẹ́rin ìkẹyìn bá lọ ní àwìn, ₦354,000 péré ló wà lọ́wọ́ yín: ojú owó ti dín ní ₦61,000, ẹ sì ń rò pé ẹ jèrè. Mo ti rí oníṣòwò tó mọ iṣẹ́ dáadáa tí ọjà rẹ̀ kógbá sílé báyìí láìmọ ibi tí owó gbà lọ.

Lálẹ́ Sátidé, ẹ da ti ọ̀sẹ̀ yẹn kọ sínú Google Sheets lórí fóònù. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá ti ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí iná kò bá sí, ìwé ṣì wà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ bi ìwé náà ní ìbéèrè: ọjọ́ wo lọjà ń tà jù? Ta ni ń ra ọjà púpọ̀ tó sì ń san owó lọ́jọ́ àdéhùn? Kí ni ń lọ sókè nígbà tí àwọn ọmọ wa láti Abuja àti Èkó bá ń wálé fún Kérésìmesì? Bí àpẹẹrẹ, ọ̀nà oníkọnkéré kìlómítà 43 tí ilé-iṣẹ́ Dangote ṣe láti Obajana wá sí Kabba ti sọ ọ̀nà náà di tuntun fún àwọn awakọ̀. Ẹni tó ń ta oúnjẹ létí ọ̀nà lè mọ̀ láti inú ìwé rẹ̀ wákàtí tí wọ́n ń dé àti oúnjẹ tí wọ́n ń fẹ́.

Ẹ fi ti ìjọba kún un. Àjọ tó ń rí sí ìṣirò, NBS, máa ń gbé iye owó oúnjẹ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́. NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́, náà ń sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìgbà tí òjò lè bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ó lè dá. Ẹni tó ń gbin àgbàdo tàbí tó ń tọ́jú iṣu pa mọ́ kò gbọdọ̀ fojú fo ìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ yáwó, ẹ jẹ́ kí owó ọjà máa gba àkáǹtì kan ṣoṣo kọjá, yàtọ̀ sí ti owó ilé. Tí owó ilé-ìwé ọmọ bá wà láàárín owó epo, kò sẹ́ni tí yóò mọ bí ọjà yín ṣe lágbára tó. Ẹ sì sá fún áàpù ayánilówó tó ń béèrè láti wo gbogbo nọ́ńbà inú fóònù yín.

Orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà tó wà lọ́wọ́ yín, ohun ìní wọn ni. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti wà láti ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 2023. Ẹ má kọ BVN tàbí PIN ẹnikẹ́ni sínú ìwé. Ẹ má gbé orúkọ onígbèsè sórí WhatsApp ẹgbẹ́, bó ti wù kí inú bí yín tó.

Ibi tí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé ni àárín ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ìwé ẹnì kan kéré. Tí ogún oníkajú bá ń kọ iye tí wọ́n tà á, ọjọ́ tí wọ́n tà á, àti bí èso ṣe gbẹ tó, tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sì yọ orúkọ kúrò kó tó pa á pọ̀, lẹ́yìn àsìkò méjì wọn yóò mọ ọ̀sẹ̀ tí owó máa ń gun àti ọ̀sẹ̀ tó máa ń já. Nígbà tí oníbàárà ńlá bá dé tó ní iye báyìí lòun yóò rà á, wọn á ṣí ìwé níwájú rẹ̀. Oṣù kejì ni kajú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọjà. Kí ẹgbẹ́ ti yan akọ̀wé, kí wọ́n sì ti fẹnu kò lórí òṣùwọ̀n, kí ọdún tó yí.