Ta Ló Ni Abẹ́ Ilẹ̀? Àyẹ̀wò Òfin Ìfipamọ́ Afẹ́fẹ́ Kábọ́ọ̀nù àti Ẹ̀tọ́ Onílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ North Dakota

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjèjì a tẹ̀ ẹ́ bàsùbàsù. Òwe yìí fi yé wa pé ẹni tó ni ilẹ̀ ló mọ iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ lo ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ oko ẹni, níbi tó jìn ju kìlómítà kan lọ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni òfin ìpínlẹ̀ North Dakota ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti ń gbìyànjú láti dáhùn láti ọdún 2009. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé òfin náà fi ohun ìní lé onílẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó lè gba agbára àtikọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń fi afẹ́fẹ́ pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀

Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì máa ń jáde nígbà tí a bá ń jó èédú, epo tàbí gáàsì, ó sì wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná sí i. Kí ó má baà gòkè lọ, àwọn ilé iṣẹ́ kan ń gbá a jọ, wọ́n ń fún un pọ̀ títí yóò fi ki bí ohun olómi, wọ́n sì ń tì í gba inú kànga jíjìn wọ inú àpáta. Àpáta náà kì í ṣe ihò ńlá. Àpáta oníyanrìn ni, tí àlàfo tíntìntín kún inú rẹ̀ bí ti kànrìnkàn, tí àpáta líle mìíràn sì bò ó bí ọmọrí ìkòkò. Nítòsí ìlú Richardton, ilé iṣẹ́ kan tó ń fi àgbàdo ṣe ẹ́tánọ́ọ̀lù, tí orúkọ rẹ̀ nígbà náà ń jẹ́ Red Trail Energy, bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 2022.

Ohun tí òfin sọ

Ọ̀nà méjì ni òfin ọdún 2009 pín sí. Èkíní sọ pé ẹni tó ni orí ilẹ̀ ló ni àlàfo inú àpáta tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè fi í yáni, ṣùgbọ́n kò lè tà á lọ́tọ̀ kí orí ilẹ̀ ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Epo kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹni tó ni oko lè má ni epo abẹ́ rẹ̀.

Èkejì dá lórí ìwé àṣẹ. Ìgbìmọ̀ tí gómìnà, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ àti kọmíṣánnà ètò ọ̀gbìn para pọ̀ jẹ́ ló ń fúnni ní ìwé yìí. Ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi òtítọ́ inú wá ìfọwọ́sí gbogbo onílẹ̀. Bí àwọn tó ni ìdá 60 nínú 100 bá fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ lè da ìpín àwọn tó kọ̀ pọ̀ mọ́ tiwọn, kìkì pé kí a san owó tó tọ́ fún wọn. Ní ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ gbà kí North Dakota máa bójú tó irú kànga yìí fúnra rẹ̀. Òun ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó rí àṣẹ náà gbà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé àlàfo ni a ń kà, kì í ṣe orí ènìyàn. Ká ní onílẹ̀ mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ kàn, tí ẹni méjì péré nínú wọn sì ni ìdá 60, ìfọwọ́sí àwọn méjì yìí tó láti borí ìkọ̀sílẹ̀ àwọn mẹ́jọ yòókù.

Àríyànjiyàn tó wà níbẹ̀

Àwọn tó fara mọ́ òfin náà ní ìdí. Afẹ́fẹ́ kò mọ ààlà oko. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró, bóyá ni iṣẹ́ kan yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun pẹ̀lú, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pa ìpín àwọn olówó epo pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun ìní tí a kò lè sọ pé "n kò fẹ́" lé lórí ti ń di owó oṣù lásán. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń fi ààlà síbi tó wù ú: ìdá 75 ni Illinois béèrè nínú òfin tirẹ̀ ní ọdún 2024.

Ilé ẹjọ́ náà ti sọ̀rọ̀ lórí ohun tó fara jọ èyí. Òfin kan ní ọdún 2019 gba àwọn ilé iṣẹ́ epo láàyè láti lo àlàfo abẹ́ ilẹ̀ láìsan owó fún onílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onílẹ̀ gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà fagi lé àwọn apá tó ṣe kókó nínú rẹ̀, ó ní gbígba ohun ìní ẹni láìsan owó gbà-má-bìínú lòdì sí òfin ilẹ̀. Ìdájọ́ yìí dáàbò bo owó onílẹ̀. Kò sọ pé ó lè kọ̀ lábẹ́ òfin ọdún 2009.

Ìwúlò rẹ̀ fún olùkọ́ èdè

Nínú èdè wa, "ilẹ̀" ni a ń pe ohun tí a ń tẹ̀ àti ohun tí a ń gbẹ́. Bí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ òfin, ó yẹ kí a ya "orí ilẹ̀", "abẹ́ ilẹ̀" àti "àlàfo inú àpáta" sọ́tọ̀, kí a sì má fi "ìfọwọ́sí" pe ohun tí a fi ipá darí. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti Nàìjíríà ní ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kò sì dárúkọ irú àlàfo yìí. Ẹni tí kò ní orúkọ fún ohun kan kò ní rọrùn fún un láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé onílẹ̀ North Dakota ló ni àlàfo abẹ́ oko rẹ̀, pé owó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n pé ìfẹ́ àwọn tó ni ìdá tó pọ̀ lè borí tirẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹrù yóò tún kúrò lọ́rùn ilé iṣẹ́: ó kéré tán lẹ́yìn ọdún 10 tí wọ́n bá ti dẹ́kun títi afẹ́fẹ́ wọlẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ lè gba ìtọ́jú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ lè lọ. Onílẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ni yóò máa gbé orí rẹ̀. Nítorí náà, ohùn wọn yẹ kí ó wúwo ju owó tí a san fún wọn lọ.