Ohun Tó Lẹ̀ Mọ́ Inú Dúrọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣe fùfú, sóbò àti pọ́ọ̀wọ́tà ní Ìdànrè, ẹ gbójú sókè wo òkè. Dúdú tó fà gbọọrọ lára àpáta níbi tí omi òjò ń gbà ṣàn kì í ṣe èérí lásán. Ohun abẹ̀mí tíntìntín ni, wọ́n so mọ́ra wọn, wọ́n sì fi oje yíyọ̀ bora. Ọdọọdún ni òjò ń rọ̀ lé wọn, wọn kò ṣí. Irú ìbòrí bẹ́ẹ̀ ló ń yọ̀ lọ́wọ́ yín nínú dúrọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ àti nínú họ́ọ̀sì. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní biofilm. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé apakòkòrò kì í ṣe ọṣẹ. Èyí tí ẹ kò bá fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì họ kúrò, bleach kò ní í pa á tán.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1684, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù gbé lẹ́tà Antonie van Leeuwenhoek, ẹni tó ń fi awò wo kòkòrò tíntìntín, jáde: ó fi ọtí kíkan fọ eyín, àwọn kòkòrò tó wà lójú ìdọ̀tí eyín nìkan ló sì kú, nítorí ọtí náà kò wọnú. Bẹ́ẹ̀ ni kílórínì inú bleach rí. Oje àti ìdọ̀tí oúnjẹ ti jẹ agbára rẹ̀ tán kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ní kí a kàn dà á pọ̀ sí i, òkè ìbòrí náà ni yóò ṣì kọ́kọ́ gbà á, irin yóò sì dípẹtà, ihò ìpẹtà á wá di ilé tuntun fún wọn. Omi híhó ńkọ́? Tí a bá kọ́kọ́ dà á sórí ìdọ̀tí wàrà tàbí ẹran, ṣe ni yóò sè é mọ́ irin. Òótọ́ ni pé kòkòrò ló ń mú fùfú kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kòkòrò ni ọ̀rẹ́. Ní South Africa, 2017 sí 2018, kòkòrò Listeria inú polony, ìyẹn ẹran lílọ̀ bíi sọ́séèjì, kó àìsàn bá èèyàn tó lé ní 1,000, ó sì pa àwọn tó lé ní 200. Inú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe polony náà ni wọ́n ti bá a.

Mo mọ̀ pé omi ń wọ́n lọ́gbẹlẹ̀. Síbẹ̀, bleach tí a dà lé ìdọ̀tí, owó tó ṣòfò ni. Ẹ tú ẹ̀rọ palẹ̀, ẹ fi ọṣẹ họ ọ́, ẹ ṣan ọṣẹ náà dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ da ṣíbí tíì kan bleach oní-3.5% sínú lítà omi kan, kí ẹ jẹ́ kó wà lára ẹ̀rọ àti dúrọ́ọ̀mù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ṣan án, kí ẹ da dúrọ́ọ̀mù dojú bolẹ̀ kí inú rẹ̀ gbẹ kanlẹ̀, torí ibi tó bá tutù ni wọ́n tún máa ń so mọ́.